Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ra pìánò upright (èyí tó dúró lóòró) tòkunbọ̀ fún ọmọ mi, àbí ká lọ ra èyí tó ń lo iná?

MamaTiti_Bodija (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mọ́kànlá lóṣù tó kọjá, ọdún kẹrin rẹ̀ sì rèé tó ti ń kọ́ pìánò. Kíbọ́ọ̀dù oníkíì 61 la rà fún un níbẹ̀rẹ̀, òun náà ló ṣì ń lò. Olùkọ́ rẹ̀ ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé orin tó ń kọ́ báyìí ti ju kíbọ́ọ̀dù náà lọ. Mo jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé, mo sì rí i: ọwọ́ òsì rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, ó dé ibi tí kíì ti tán, ó wá ń fi ìka tẹ orí tábìlì, ó ń fi ẹnu kọ ohùn tí kò sí níbẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Mo wá rí ẹnìkan tó ń ta pìánò tòkunbọ̀ l'Ékòó. Yamaha U1 ni, dúdú, ó ń dán bíi dígí. Owó tó pè lé ní mílíọ̀nù méjì náírà, láìtíì ka owó ọkọ̀ dé Ìbàdàn. Ọkọ mi ní ká fi ìdajì owó yẹn ra pìánò tó ń lo iná, èyí tó ní kíì 88, ká fi ìyókù san owó ilé-ìwé. Ó fẹ́ràn kí ọmọ náà kọ́ orin dáadáa. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé bí ohun tó wúwo tó báyìí bá dé ilé tán tó wá dákẹ́, ta ló máa tún un ṣe? Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la sì ń gbé. Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ ní i nílé, kí ló dára fún, kí ló sì fi ń yọni lẹ́nu? Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.

Baba_Ateduuru (Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́)

Màmá Títí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Abẹ́òkúta ni mo wà, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Upright kan wà ní pálọ̀ mi, òun ni àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi kọ́ṣẹ́.

Ọmọ tó bá tẹ kíì pìánò gidi, òòlù kékeré kan tí wọ́n fi fẹ́ẹ̀tì, aṣọ onírun tó nípọn, bò ló ń rán lọ gbá okùn irin. Bó bá rọra tẹ̀ ẹ́, òòlù á rọra lọ. Bó bá gbé apá sí i, á gbá a kíkan. Ohùn tó wà láàrin méjèèjì kò lóǹkà, etí ọmọ náà ni yóò sì kọ́ ọ láti máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀rọ̀ iná nínú rẹ̀. Bí NEPA bá mú iná lọ, a tan àtùpà, ẹ̀kọ́ ń lọ.

Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ ṣe nǹkan kan fún mi. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìdérí òkè, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì ọwọ́ ọ̀tún mọ́lẹ̀, kí ẹ wá ké orúkọ ọmọ yín sínú rẹ̀. Àwọn okùn yóò dá yín lóhùn, wọn yóò sì dá a pẹ̀lú àmì ohùn orúkọ náà. Ìgbà tí àkọ́bí mi gbọ́ ọ, kò kúrò nídìí pìánò títí ilẹ̀ fi ṣú.

Tunde_Keys (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, bàbá wa. Màmá Títí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Kíbọ́ọ̀dù ni mo ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde ìnáwó.

Pìánò tó ń lo iná lóde òní ti kúrò ní ohun ìṣeré ọmọdé. Ó ní kíì 88, kíì rẹ̀ sì wúwo lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ kì í yẹ̀: bó ṣe ń dún lọ́jọ́ tí ẹ rà á ni yóò ṣe máa dún lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ẹ ò ní máa pe oníṣẹ́ wá sílé. Ọmọ yín á fi íáfóònù sétí, á máa kọ́ orin láàárọ̀ kùtù, onílé ò sì ní kanlẹ̀kùn. Òkè ilé lẹ ní ẹ wà, ibẹ̀ ni ariwo upright ti máa ń di ìjà láàrin alájọgbé.

Ọ̀rọ̀ kejì ni transpose, bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn orin sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń kọrin ní ìsìn: aṣáájú orin á gbé e níbi tó bá rọ ọ̀fun rẹ̀ lọ́rùn, ìwọ tí ò ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ni kí o wá a kàn. Lórí tèmi, bọ́tìnnì kan ni mo máa tẹ̀, ìka mi ò ní kúrò níbi tó ti mọ́ ọn lára. Upright ò ní bọ́tìnnì. Ibi tí orin bá bọ́ sí, ibẹ̀ náà lẹ máa bá a.

Baba_Ateduuru (Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́)

Túndé ọmọ mi, òótọ́ lo sọ nípa ariwo. Ṣùgbọ́n ti transpose yẹn gan-an ló mú mi gbè sẹ́yìn upright. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ọdún mẹ́jọ tẹ kíbọ́ọ̀dù, ọwọ́ rẹ̀ yá bí iná. A ní kó wá tẹ dùùrù ńlá fún wa lọ́jọ́ Àjíǹde, wọ́n dá orin ní ilé ohùn tí à ń pè ní E flat, ọwọ́ rẹ̀ kú sórí kíì. Inú C nìkan ló ti ń gbé láti ọjọ́ yìí. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí kò bá rí bọ́tìnnì yẹn, ilé méjèèjìlá ni yóò mọ̀ kó tó pé ogún ọdún.

Onise_Piano_Surulere (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:31 àárọ̀)

Ẹ kú ìmọ́jú. Títún pìánò ṣe ni iṣẹ́ mi, ọdún kọkàndínlógún rèé. Èmi kì í ta pìánò, kò sí èyí tí èrè rẹ̀ máa dé ọwọ́ mi nínú èyíkéyìí tí ẹ bá rà.

Màmá, U1 dára. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 121. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní U3 jẹ́ 131. Gíga yìí ṣe pàtàkì, torí bí upright bá ṣe ga sí ni okùn ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ń gùn sí, tí pákó fẹ̀ǹfẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń gbé ohùn jáde sì ń fẹ̀ sí. Àwọn kúkúrú tó ń wá nínú kọ̀ǹténà, ohùn ìsàlẹ̀ wọn a máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agolo.

Ṣùgbọ́n ẹ má ra orúkọ. U1 méjì tí wọ́n ṣe lọ́dún kan náà ní Japan, tí ọ̀kan wà nílé ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, tí èkejì wà ní ilé-ìwé tí ọmọ ọgọ́rùn-ún ń lù ú lójoojúmọ́, kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn mọ́. Nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀, ẹ máa rí i bí ẹ bá ṣí ìdérí òkè. Ẹ yà á ní fọ́tò. Ó máa sọ ọdún tí wọ́n ṣe é, kódà bí ẹni tó ń tà á bá ní ọmọ ọdún mẹ́wàá ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń pa pìánò nílẹ̀ wa. Okùn tó wà nínú upright kan tó bíi 230. Lápapọ̀, agbára tí wọ́n fi ń fà tó tọ́ọ̀nù 18 sí 20. Irin ńlá kan tí wọ́n dà ló ń gba ọ̀pọ̀ agbára yẹn dúró. Ṣùgbọ́n ìṣó tí okùn kọ̀ọ̀kan wé mọ́, inú pákó ló wà. Igi sì ni pákó: lásìkò òjò, á mu omi, á wú, bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sún kì. Bí pákó ẹ̀yìn bá wú, á ti okùn síta, ohùn á lọ sókè. Bó bá gbẹ, ohùn á wálẹ̀. Ẹ wá ro ti pákó tí ìṣó wà nínú rẹ̀: ọdún dé ọdún ló ń wú tó ń kì, títí ihò ìṣó á fi gbòòrò. Ọjọ́ tí ìṣó kò bá lè di okùn mú mọ́, mo lè tún ohùn rẹ̀ ṣe láàárọ̀, kó ti yẹ̀ kí ẹ tó jẹun alẹ́. Pípààrọ̀ pákó yẹn á gbà ju owó pìánò lọ. Àìsàn yìí ni kí ẹ bá mi sá fún ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá lọ wò ó, ẹ lọ lọ́sàn-án, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Ẹ ní kí wọ́n fà á kúrò lára ògiri, kí ẹ tanná sí pákó ẹ̀yìn, bóyá ó là. Ẹ wo okùn bóyá ó ti dípẹtà, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ̀bá òkun ní Erékùṣù ló ti ń gbé. Ẹ wo orí òòlù: ibi tó ti ń gbá okùn yóò ní ojú ilà. Ilà fẹ́ẹ́rẹ́ kò burú, mo lè fá a. Bó bá ti jìn bí ojú àáké lára igi, òòlù tuntun nìyẹn.

Lẹ́yìn náà kí ẹ wá jókòó, kí ẹ má yára. Ẹ tẹ kíì 88 tán lọ́kọ̀ọ̀kan, funfun 52, dúdú 36, jẹ́jẹ́ ni kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Ṣé ó ń padà sókè, àbí ó ń lẹ̀? Bí ẹ bá gbé ìka, ṣé ohùn ń dákẹ́, àbí ó ṣì ń hó lọ? Láti àárín lọ sókè, okùn mẹ́ta mẹ́ta ló ń dún fún kíì kan. Bí ẹ bá gbọ́ kíì kan tó ń dún bí ẹni mẹ́ta tó ń kọrin tí ohùn wọn ò ṣọ̀kan, ẹ ṣàmì síbẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá kóra jọ síbì kan, ìṣó ni mo máa fura sí.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í ṣe rèé: ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ olùtajà máa ń pe oníṣẹ́ kó wá tún ohùn ṣe ní àná ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ lọ lónìí, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, kíì kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì láìsọ fún wọn.

Ade_Peckham (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:17 ọ̀sán)

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́. Màmá, London ni mo wà. Níbí, pìánò upright ọ̀fẹ́ ló pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn tí ìyá wọn àgbà kú, tí wọ́n fẹ́ kó ilé. Àwọn ará ilé á máa sọ fún mi pé kí n kó wọn sínú kọ̀ǹténà wá. Mo ti gba ọ̀kan rí. Èmi àtàwọn ọkùnrin mẹ́ta la gbé e sọ̀kalẹ̀ láti àjà kẹta, ẹ̀yìn dùn mí fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí oníṣẹ́ dé, ó ṣí iwájú rẹ̀, ó sì pe mí kí n wá wo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò síwájú òòlù bí ọ̀pá àgò ẹyẹ. Ó ní irú èyí, ohun tó ń pa ohùn okùn wà lókè òòlù, kì í sì í pa á dáadáa láéláé. Àwọn okùn rẹ̀ dúró gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú èyí tó dára, okùn ìsàlẹ̀ máa ń gba orí àwọn yòókù kọjá níbùú kí ó lè gùn. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ ní odidi ìdajì ohùn, oníṣẹ́ náà ò sì fẹ́ fà á padà sókè, kí okùn má baà já. Owó ni mo san kí wọ́n tó bá mi gbé e dànù.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi pìánò ayé àtijọ́ láti ìlú Òyìnbó ta yín lọ́rẹ, ẹ ṣí iwájú rẹ̀ kí ẹ tó dúpẹ́.

MamaTiti_Bodija (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:50 alẹ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ òkè ilé ló kù. Ọkọ mi ń bèèrè pé ṣé dẹ́kì máa gbà á? Ẹ̀ẹ̀kejì, AC wà ní pálọ̀ wa, ṣé kí n máa tàn án fún un? Mo sì ń fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ tó wà ní Grade 4 ìdánwò orin ti tó ẹni tí a ń ra irú ẹ̀ fún.

Onise_Piano_Surulere (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:12 alẹ́)

U1 tuntun wọn kílò 228. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin mẹ́ta tó sanra tí wọ́n jókòó lórí àga kan náà ní pálọ̀ yín. Dẹ́kì tó lágbára ń gba jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ìkómọ. Kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ló lè fa wàhálà. Ẹ wọn ibi tí àtẹ̀gùn ti yí, kí ẹ wọn ẹnu ọ̀nà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ má fi í fún àwọn alágbàṣe tó ń gbé fìríìjì. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbé máa ń ní bẹ́líìtì àti pákó onítáyà, wọn kì í sì í fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kékeré iwájú gbé e, torí ó máa ń ṣẹ́.

Ti AC: ẹ má tàn án nítorí pìánò. Ọ̀rinrin tí pìánò fẹ́ wà láàrin 40 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé wa níhìn-ín kì í dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó burú jù ni kó máa lọ kó máa bọ̀. AC tó ń bá NEPA rìn, tó gbẹ ilé fún wákàtí mẹ́ta, tí iná wá lọ, tí ooru àti ọ̀rinrin padà wọlé, ìyẹn ń ṣe pìánò léṣe ju òjò ọdún kan lọ. Ẹ gbé e sí ògiri inú ilé tí oòrùn kì í lù, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ̀rinrin, kò wọ́n, kí ẹ gbé e sórí rẹ̀. Kí ẹ sì ní kí wọ́n wá tún ohùn rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ọ̀kan bí òjò bá dáwọ́ dúró, ọ̀kan bí ọyẹ́ bá lọ. Ẹ ka owó yẹn mọ́ owó pìánò láti ìsinsìnyí. Ẹni tí kò bá lè san án, mo máa ń sọ fún un tọkàntọkàn pé kó lọ ra èyí tó ń lo iná.

Oluko_Orin (Ọjọ́rú, 4:25 ìrọ̀lẹ́)

Mo máa dáhùn ti Grade 4. Ó tó, Màmá. Mo tiẹ̀ fẹ́ kó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Láti ibẹ̀ lọ, wọ́n á máa bèèrè kí ọwọ́ kan pariwo kí èkejì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí ẹsẹ̀ sì mọ ìgbà tó yẹ kó kúrò lórí pẹ́dàlì. Kíbọ́ọ̀dù oníkíì 61 kò lè kọ́ ọ ní ìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ àléébù upright tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà. Nínú grand, pìánò ńlá tí okùn rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, òòlù dùbúlẹ̀. Bó bá gbá okùn tán, ìwúwo ara rẹ̀ ló ń gbé e padà. Nínú upright, òòlù dúró lóòró, sípíríǹgì àti okùn aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń fà á sẹ́yìn. Láti ọdún 1821 ni Sébastien Érard ti gba ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ inú grand tó ń jẹ́ kí a lè tún kíì kan tẹ̀ láìjẹ́ pé ó ti padà sókè tán. Upright kò ní irú ẹ̀. Kíì gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òkè kí òòlù tó tún lè dáhùn.

Kí ló kan ọmọ Ìbàdàn nínú ìyẹn? Ó kàn án gan-an. Ẹ wo orin tí àwọn èèyàn wa kọ fún pìánò, Ayọ̀ Bánkọ́lé àti Akin Euba, tí wọ́n bí lọ́dún 1935 kan náà. Euba ló dá orúkọ African pianism sílẹ̀: kí a máa tẹ pìánò bí ẹni tó ń lu ìlù. Kíì kan náà á máa sọ̀rọ̀ léraléra bí omele tí kò sinmi, ọwọ́ kejì á máa dá sí i bí ìyá ìlù. Lórí upright tó ti gbó, omele yẹn á máa jẹ ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ wò ó, kí Títí fi ìka mẹ́ta pààrọ̀ ara wọn lórí kíì kan, 3-2-1, 3-2-1, kó máa yára sí i. Upright tó wà ní ipò dáadáa á bá a lọ dé ibi tí ọmọ ọdún mọ́kànlá lè yára dé, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èyí tó bá ń gbé ohùn mì, ẹ fi í sílẹ̀.

Túndé, ní ti ariwo: ọ̀pọ̀ upright ní pẹ́dàlì àárín tó ń sọ aṣọ fẹ́ẹ̀tì tẹ́ẹ́rẹ́ kalẹ̀ sáàrin òòlù àti okùn. Ohùn á relẹ̀ débi pé ẹni tó wà ní yàrá kejì kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́. Kò tó íáfóònù, ṣùgbọ́n ó ti pa ìjà onílé lọ́pọ̀ ibi. Kí a má sì fi í kọ́ṣẹ́ lójoojúmọ́, torí etí kì í gbọ́ ohun tí ọwọ́ ń ṣe dáadáa.

Iya_Ijebu (Ọjọ́rú, 8:33 alẹ́)

Màmá Títí, èmi ti jìyà ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni mo ra upright fún àwọn ọmọ ọmọ mi lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gbogbo inú rẹ̀ ṣe. Mo wo ara rẹ̀, ó ń dán, mo sanwó. Mi ò mú ẹnikẹ́ni dání lọ. Kò pé oṣù kan, kíì mẹ́jọ lẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí oníṣẹ́ yọ kíì jáde, ìtẹ́ eku ló wà lábẹ́ wọn, wọ́n ti gé fẹ́ẹ̀tì jẹ ṣe bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ìtọ̀ wọn ti jẹ ìṣó tó wà lábẹ́ kíì di pípọ́n. Wọ́n kàn fi aṣọ nu òde rẹ̀ ni. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, kò gbé fóònù mọ́.

A tún un ṣe, a náwó lé e. Ọdún kejì, ikán gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo gbé e sí, ó lẹ̀ mọ́ ògiri, mi ò sì mọ̀ títí pákó ìsàlẹ̀ fi rọ lọ́wọ́ mi bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Òkè ilé tí ẹ wà yẹn ṣàǹfààní fún yín lọ́nà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ṣí pákó tó wà lókè pẹ́dàlì lóṣooṣù, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó.

Tunde_Keys (Ọjọ́rú, 9:20 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ó dùn mí gan-an. Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan, torí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tó bá ní èyí tó ń lo iná kò ní pe oníṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, NEPA gbé iná wá lójijì, ó sì jó bọ́ọ̀dù inú pìánò mi. Wọ́n wá bọ́ọ̀dù náà kiri Alaba títí, wọn ò rí irú ẹ̀. Ó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá mi báyìí, mò ń to aṣọ lé e. Ẹ̀gbọ́n Oníṣẹ́ máa ń rí okùn tó já pààrọ̀. Èmi ò rí bọ́ọ̀dù. Mo ṣì sọ pé fún ẹni tó ń kó kiri òde, tèmi ló dára jù. Fún ọmọ tó jókòó sójú kan tó fẹ́ kọ́ ọ dé òpin, mo gbà fún Bàbá.

MamaTiti_Bodija (Ọjọ́ Àìkú, 5:40 ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo lọ lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí ẹ ti wí. Lọ́jọ́ kìíní, U1 náà dún dáadáa, Títí fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Mo gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù. Nígbà tí a padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìnlá, Bọ̀dá Oníṣẹ́ tẹ̀ lé wa (Ọlọ́run á san án fún yín). Kíì bíi mẹ́sàn-án láàrin ti ń sọ ohùn méjì. Wọ́n fi irinṣẹ́ wọn kọ́ orí ìṣó kan, wọ́n ní kí n fi ìka méjì péré tì í. Ó yí. Bí ìgbà tí a ń yí ìdérí ìgò tí wọn ò dé le. Bọ̀dá kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wò mí. Ẹni tó ń tà á ní òun máa yọ ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà kúrò níbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a jáde.

A ti ń padà bọ̀ nígbà tí Bọ̀dá rántí màmá kan ní Yábàá, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì, tó ń lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Kánádà. Pìánò Kawai aláwọ̀ igi ló ní. Ara rẹ̀ ti bó, kíì kan ti kán létí, pẹ́dàlì àárín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ kan péré ló ti wà láti ọjọ́ tó ti dé Nàìjíríà, kò sì sí AC nínú yàrá náà rí. Mo ti ìṣó, kò mì. Títí ṣe 3-2-1, ó ń dá a lóhùn, ó ń dá a lóhùn. Màmá náà jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń gbọ́, kò jẹ́ ká rí ojú rẹ̀. Owó tó gbà kò tó ìdajì ti U1 yẹn. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló wọn àtẹ̀gùn.

Ó dé lánàá. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e gòkè. Mo so fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn.

Baba_Ateduuru (Ọjọ́ Àìkú, 6:15 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú oríire! Ṣé ó ti ké orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀?

MamaTiti_Bodija (Ọjọ́ Àìkú, 6:22 ìrọ̀lẹ́)

Ó ti ké e, bàbá. Ó tẹ pẹ́dàlì, ó ní "Títí!", ó sì gbé etí lé e. Ó wá ké orúkọ bàbá rẹ̀, "Adéwọlé", ó ní, "Màmá, ẹ wá gbọ́, ó mọ ibi tó ti wálẹ̀."

Onise_Piano_Surulere (Ọjọ́ Àìkú, 7:03 alẹ́)

Ẹ kú oríire, Màmá. Mo ti wo fọ́tò náà. Ibi tí ẹ gbé e sí dára, ó jìnnà sí fèrèsé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ohùn rẹ̀ ṣe ní báyìí, bó bá tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn-àjò. Ó gbọ́dọ̀ mọ yàrá náà lára ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, màá wá, màá sì tún pẹ́dàlì àárín ṣe lọ́jọ́ kan náà. Mo rí ìkòkò òdòdó olómi kan lórí rẹ̀.

MamaTiti_Bodija (Ọjọ́ Àìkú, 7:06 alẹ́)

A ti gbé e kúrò, Bọ̀dá. A ń retí yín.